Ford flathead V8 àtijọ́: bí ẹ ṣe lè jẹ́ kó lágbára sí i láì ba bọ́lọ́ọ̀kù jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Ford àtijọ́ tó ń lo flathead V8, ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́jọ yẹn, tó sì ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sáré lọ ra kábúrétọ̀ mẹ́ta, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo to mẹ́ta sórí ẹ́ńjìnì tí ríǹgì ẹ̀ ti jẹ tán, ó dùn ún wò gan-an ni, àmọ́ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ báyìí á wúkọ́, á tú èéfín dúdú, á wá fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é, owó ti lọ.

Nǹkan méjì ló ń yọ ẹ́ńjìnì yìí lẹ́nu, kò rí èémí mí dáadáa, ó sì máa ń gbóná. Ṣẹ́ ẹ rí i, fááfù ẹ̀ ò sí lókè nínú tọ́ọ̀pù bíi tàwọn ẹ́ńjìnì ìsinsìnyí, inú bọ́lọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnì gan-an, ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà, tọ́ọ̀pù yẹn kàn dà bí ọmọrí ìkòkò ni. Afẹ́fẹ́ àti epo á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á tún ṣẹ́rí kó tó dé orí písítìn. Ti èéfín tó ń jáde ló wá burú jù, torí àárín àwọn sílíńdà ló ń gbà kọjá, níbi tí omi wà, kó tó yọ síta. Sílíńdà mẹ́rin ló wà lápá kan, ojú ihò mẹ́ta ni wọ́n ń gbà jáde, àwọn méjì àárín jọ ń pín ẹyọ kan. Iná ń gba inú omi kọjá, báwo ni rédíétọ̀ ò ṣe ní hó?

Torí náà bọ́lọ́ọ̀kù lẹ́ máa kọ́kọ́ bá wí. Ẹ tú u sílẹ̀ porogodo, ẹ yọ gbogbo nǹkan tí wọ́n fi dí ihò omi, kẹ́ ẹ sì fọ inú ẹ̀. Mo fi wáyà tí mo tẹ̀ lẹ́nu bí ìwọ̀ ẹja ha inú tèmi, mo tún fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ìpáàdà, yanrìn tí wọ́n fi rọ ọ́ nílé iṣẹ́ àti ègé wáyà ló ń jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo kan. Gbogbo ìyẹn ló ń dí omi lọ́nà látọjọ́ yìí wá! Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì àti ìyẹ̀fun irin wá ibi tó sán, kí wọ́n sì fi omi dán an wò. Àárín fááfù àti sílíńdà ló sábà máa ń sán, àti etí ihò bóòtì. Èyí tó kéré létí ihò bóòtì ṣeé ṣàtúnṣe, àmọ́ tó bá ti wọnú sílíńdà, lójú tèmi, ẹ wá bọ́lọ́ọ̀kù míì.

Tí bọ́lọ́ọ̀kù bá ti yè, ẹ fẹ̀ ẹ́, torí agbára tó dájú jù nìyẹn. Èyí tó jáde lọ́dún 1932, àyè inú sílíńdà ẹ̀ lápapọ̀ ò ju 221 kúbíìkì íǹṣì lọ, agbára ẹ̀ sì jẹ́ 65 hóòsìpáwà. Èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni 239, ihò sílíńdà ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 3 3/16, písítìn sì ń rin íǹṣì 3 3/4. Kíráǹkì (irin tí písítìn ń yí) ti Mercury, ọkọ̀ tí Ford náà ṣe, ọdún 1949 sí 1953 ń rin íǹṣì 4, ó sì ń wọnú bọ́lọ́ọ̀kù Ford tí wọ́n ń pè ní 8BA wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ ṣáà ra písítìn tó bá a mu, ó di 255. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ ihò sílíńdà dé 3 5/16, ó di 276 nìyẹn. Àwọn kan ń fẹ̀ ẹ́ dé 3 3/8, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn bí ògiri ẹ̀ ṣe nípọn tó kẹ́ ẹ tó dán an wò.

Ó wá kan tọ́ọ̀pù. Tọ́ọ̀pù alumíníọ̀mù lè gbé kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn, ìyẹn ìlọ́po tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, lọ sí bíi 8, ti ilé iṣẹ́ ò tó 7. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò nìyí o, àyè tẹ́ ẹ ń fún pọ̀ nínú tọ́ọ̀pù yẹn náà ni ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fún un jù, ẹ ń fún un lọ́rùn ni, torí náà fún ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ máa gbé jáde lójoojúmọ́, ẹ dúró síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dì í pa, ẹ lẹ amọ̀ rírọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré mọ́ orí písítìn àti fááfù, ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì àlòkù lé e, ẹ di bóòtì díẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí kíráǹkì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ṣí i, ẹ fi bíléèdì gé amọ̀ yẹn, kẹ́ ẹ wọn ibi tó fẹ́lẹ́ jù. Bíi 0.050 íǹṣì ni mo máa ń fẹ́ lórí písítìn. Ọjọ́ tí mo ṣe tèmi, písítìn kan ò ju 0.020 lọ, ara mi bù màṣọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ha ihò, ti èéfín ni kẹ́ ẹ ha, pàápàá ihò àárín yẹn, kẹ́ ẹ sì fi páìpù tó fẹ̀ sí i, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà máa ń gbẹ́ ojú bọ́lọ́ọ̀kù láàárín fááfù àti sílíńdà kí afẹ́fẹ́ lè ráyè, èmi ò kì í ṣe é, ó ń jẹ kọ̀ǹpúrẹ́ṣàn.

Kámúṣáfùtù, irin tó ń ṣí fááfù, tó rọra le díẹ̀ náà ti tó, tí wọ́n bá sì ti lọ ti tẹ́lẹ̀ tún ṣe, ẹ ra tápẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín kámúṣáfùtù àti fááfù) tó ṣeé yí, torí ti ilé iṣẹ́ ò ṣeé yí, kò sì ní ga tó mọ́. Kábúrétọ̀ Stromberg 97 méjì ti tó, àmọ́ kí agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo má kọjá 3 psi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo á máa kún àkúnya.

Ihò bóòtì tọ́ọ̀pù máa ń jìn dénú omi, ẹ fi gọ́ọ̀mù sára ẹnu bóòtì, tẹ́ ẹ bá gbàgbé, omi á máa gun bóòtì wá sókè. Àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí dì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kó gbóná, kó tún tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tún un dì. Tí omi ò bá jò lọ́jọ́ kejì, ẹ wá lè máa bá mi sọ̀rọ̀ kábúrétọ̀ kẹta.