Bí ẹ ṣe lè rìn kiri ìgbèríko Wales lásìkò ìwọ́wé kí ilé yín má sì tutù rin

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ìgbèríko Wales, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tàbí ti ọsibítù gbé lọ sí Powys, Ceredigion, Carmarthenshire àti agbègbè ibẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé òtútù ni kẹ́ ẹ múra dè, ẹ lọ ra jákẹ́ẹ̀tì ńlá, òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n láti September títí wọ November, omi ni wàhálà ibẹ̀ jù, òjò, ìrì, kùrukùru, ẹrẹ̀, ilẹ̀ tí kì í gbẹ. Tí ara bá gbẹ, òtútù ò le, ẹ wọ aṣọ kún un, ó parí. Èyí tí omi bá ti bá wọlé ló ń wọ egungun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ ìrìn kí n má sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé, torí ẹni tó rìn tó sì dé sínú ilé tó tutù, tí kò ríbi sá bàtà sí, kò ní jáde mọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sì máa ń dùn mí torí ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ yẹn rẹwà jù, gbogbo òkè á pọ́n bí epo pupa.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí aago. Sunday tó gbẹ̀yìn nínú October ni gbogbo UK máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, láti ọjọ́ náà oòrùn á máa wọ̀ ní nǹkan bíi 4:45 ìrọ̀lẹ́, tó bá fi máa di December, aago 4 báyìí ó ti lọ, láàárín òkè sì rèé, ilẹ̀ tún máa ń tètè ṣú ju bẹ́ẹ̀ lọ torí òkè ń dí oòrùn. Nítorí náà àárọ̀ ni ti iṣẹ́ ilé, ọ̀sán ni ti ìrìn. Ẹ ṣe iṣẹ́ ilé dé aago 10, ẹ jáde, kẹ́ ẹ sì ti wà nílé kó tó di aago 3. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ọ́ọ̀fù sùn títí aago 12 kó tó jáde, òkùnkùn á ká a mọ́ orí òkè.

Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé, tiwájú àti tẹ̀yìn, fún ìṣẹ́jú 10, kódà kí òjò máa rọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti jẹ́ kí ooru tó fowó rà jáde, ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ ló ń jáde yẹn, ooru tó wà lára ògiri ò lọ síbì kankan. Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ ibẹ̀, òkúta gidi ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó máa ń tutù látìta wọnú. Tẹ́ ẹ bá ń se ẹran tàbí tẹ́ ẹ gbé omi ẹ̀bà kaná, ẹ dé ìkòkò, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ẹ tan fáànù tó ń fa èéfín jáde síta. Ẹ má fi aṣọ tútù bo gbogbo radiator ilé, ìyẹn irin ara ògiri tó ń mú ilé gbóná, ẹ kó o sínú yàrá kan ṣoṣo, ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri ìta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á bu dúdú. Tówó bá sì wà, ẹ ra dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ tó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Ó wá kan iná. Tí sítóòfù igi bá wà nílé yín, ẹ tò ó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde, ìwé ìròyìn, igi wẹ́wẹ́, igi ńlá lórí, kó jẹ́ pé ìṣáná nìkan ló kù tẹ́ ẹ bá dé, ṣùgbọ́n ẹ má dáná sílẹ̀ kẹ́ ẹ jáde. Igi tútù ò dáa rárá. Igi tó máa jó dáadáa, omi inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tó 20 nínú 100, wọ́n ń ta irinṣẹ́ kékeré kan tẹ́ ẹ máa gún mọ́ inú igi tẹ́ ẹ bá là á tó máa sọ iye ẹ̀, tẹ́ ò bá ní in, ẹ gbá igi méjì mọ́ra, èyí tó gbẹ á dún kó, èyí tó tutù á dún gbì, orí igi gbígbẹ náà á sì ti sán. Igi tútù á máa rú èéfín, èéfín yẹn á dì bí ọ̀dà sínú ihò èéfín, lọ́jọ́ kan ihò náà fúnra ẹ̀ á gbiná. Ẹ pe ẹni tó ń gbá ihò èéfín kó wá gbá a kẹ́ ẹ tó dá iná àkọ́kọ́ ọdún. Áláàmù carbon monoxide, gáàsì olóró tí iná tí kò jó dáadáa ń tú jáde, ńkọ́? Èyí kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa bẹ lánlọ́ọ̀dù fún o, láti December 2022 ni òfin Wales ti ní kó wà nínú gbogbo yàrá ilé rẹ́ǹtì tí ẹ̀rọ gáàsì, ẹ̀rọ kẹrosíìnì tàbí sítóòfù igi bá wà. Gáàsì yẹn ò lóòórùn, ó sì ń pààyàn lójú oorun.

Ọ̀pọ̀ abúlé ò ní páìpù gáàsì, kẹrosíìnì ló ń mú ilé wọn gbóná, tánkì ẹ̀ á wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé e wá kì í fẹ́ gbé ohun tí kò tó lítà 500, ẹ tètè ra á ní September, ẹ bi àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n jọ ń rà á pọ̀, ó máa ń dín owó kù. Ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé. Tó bá jẹ́ septic tank nilé yín ń lò, ẹ má da òróró tẹ́ ẹ fi dín dòdò sínú síǹkì, ẹ má sì sọ wáìpù sínú ṣáláńgá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jáde. Ibi tí mo máa ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ ni Elan Valley, nítòsí Rhayader ní Powys. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀, Elan Valley Trail, ojú rélùwéè àtijọ́ ni, òun ni wọ́n fi ń kó ohun èlò nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn dáàmù ibẹ̀ láàárín 1893 sí 1904, torí pé ọkọ̀ ojúrin ò lè gun òkè gànnàkù, ọ̀nà náà rọrùn fún ẹsẹ̀. Bíi máìlì 9 ni, kò pọn dandan kẹ́ ẹ rìn ín tán. Omi ibẹ̀, Birmingham ló ń lọ, ó lé ní máìlì 70, wọ́n ṣe é kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ máa gbé e lọ fúnra ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi wá omi débẹ̀ ni pé òjò ibẹ̀ pọ̀, ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò ńlá, omi á bo orí dáàmù, á máa ya wálẹ̀ funfun gbòò, ẹ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ máa rí àwòdì tí ìrù ẹ̀ là sí méjì.

Ẹ má wọ jíǹsì o, tómi bá mu ún kò ní gbẹ, aṣọ tó máa ń tètè gbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀, jákẹ́ẹ̀tì òjò lórí, sọ́ọ̀kì kan nínú báàgì, fláàsìkì tíì, tọ́ọ̀ṣì. Fóònù nìkan ò tó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ láàárín òkè, ẹ ra OS Explorer, máàpù oníwèé tó ń fi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ hàn. Ọfà yẹ́lò ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, búlúù ni ti ẹlẹ́ṣin, tẹ́ ẹ bá rí “Llwybr Cyhoeddus” lára pátákó, ìyẹn ọ̀nà gbogbo ará ìlú ní èdè Wales, ẹ kọjá, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ẹ ṣírò wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn, ẹrẹ̀ á tún fi kún un. Bẹ́ ẹ bá ṣe bá géètì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ máa rí àgùntàn tí ìdí wọn pọ́n tàbí tó ní búlúù, kì í ṣe àìsàn, àgbò tí àgbẹ̀ fi ọ̀dà kùn láyà ló ti gùn wọ́n, àgbẹ̀ fẹ́ mọ èyí tó ti gba àgbò. Ẹ yà fún àgbò lásìkò yẹn, kẹ́ ẹ sì so ajá. Láti 1 October sí 1 February wọ́n ń yìnbọn pa ẹyẹ pheasant, ẹ wọ àwọ̀ tó hàn. Tí omi odò bá ti bo òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀ sọdá, ẹ padà, àní kílé wà lódìkejì. Tí nǹkan bá ṣe yín lórí òkè, ẹ pe 999, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ ń pè, kẹ́ ẹ wá béèrè mountain rescue, àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹnu ọ̀nà ni bàtà ti ń bọ́, ẹ yọ tìmùtìmù inú ẹ̀, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, ẹ pààrọ̀ ìwé náà kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná torí awọ á sán, gọ́ọ̀mù á yọ. Ẹ wo ara yín, ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́ abíyá, bóyá eégbọn lẹ̀ mọ́ yín, tó bá wà, ẹ fi twísà tó mú dáadáa gbá a mú níbi tó ti kan awọ ara, ẹ fà á sókè jẹ́jẹ́, ẹ má fi iná sun ún. Tí òrùka pupa bá yọ níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Eérú, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì irin tó ní ìdérí lẹ máa dà á sí, níta, torí ẹyin iná lè fara pamọ́ sínú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ìjì bá dé tíná mọ̀nàmọ́ná lọ, 105 lẹ máa pè, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sì rántí pé bọ́ílà kẹrosíìnì náà iná mọ̀nàmọ́ná ló ń lò, òun náà á kú, igi gbígbẹ yẹn nìkan ló máa kù, ẹ rí i pé ó kéré tán ti alẹ́ méjì wà nínú ilé nígbàkúùgbà.