Ojúgun Tó Ń Dun Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Eré Sísá

Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá Lagos City Marathon, oṣù Kejì ni ó sì sábà máa ń bọ́ sí. Tí oṣù Kìíní bá ti wọlé, àwọn tí kò sáré mọ́ láti ìgbà ilé ìwé á bọ́ sí títì ní ìdájí. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ojúgun ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi máa ro wọ́n. Àwọn la kọ ìwé yìí fún, àti ará ilé tó ń bá wọn fi róòbù ra ẹsẹ̀ lálẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀

Èémí máa ń tètè mọ́ eré lára. Egungun kì í tètè mọ̀ ọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń lu ilẹ̀, ara máa ń yọ ibi tó ti rẹ̀ nínú egungun kúrò kó tó fi tuntun dí i, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń wó ibi tó là lára ògiri kó tó mọ ọ́n padà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tí kì í mí hẹlẹhẹlẹ mọ́ á rò pé òun ti lágbára, á fi kún eré, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sìmẹ́ńtì kò tíì gbẹ.

Ẹ fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ojúgun tó kọjú sí ẹsẹ̀ kejì, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí ibi tó ń dùn bá gùn tó ìbú ìka mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpọ̀jù eré ló sábà máa ń fà á.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo tí kò ju kọ́bọ̀ lọ ló ń dùn, tó ń ro yín lórí ibùsùn, tí ẹ kò sì lè fi ẹsẹ̀ náà nìkan fò, ó ṣeé ṣe kí egungun ti sán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Fọ́tò egungun ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má fi hàn, nítorí náà bí ìrora bá ń bá a lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Bí ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú, tó gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ: ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ bá kú tipiri tàbí tó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ ka egungun ríro sí ti eré; kó tọ dókítà rẹ̀ lọ, kódà kó tó bẹ̀rẹ̀ eré rárá.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀ nílé

Ẹ dá eré dúró títí ìrìn àti títẹ̀ kò fi ní dùn mọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àti omi lílúwẹ̀ kò burú bí wọn kò bá fa ìrora. Ẹ fi aṣọ wé píọ̀ wọ́tà tó ti dì, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lo oògùn ìrora kí ẹ lè sáré: ẹnu ẹsẹ̀ tó ń kìlọ̀ lẹ fi dí.

Tí ẹ bá padà, ẹ sáré fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ rìn fún 2, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, kí ìsinmi sì wà láàárín. Ẹ gé ìṣísẹ̀ yín kúrú. Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ dìde dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ létí àtẹ̀gùn, kí ẹ rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, ìgbà 15, kí ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe títí á fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta.

Bàtà òkìrìkà dára bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Èyí tó bá dà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Bí eré ìje bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ojúgun ṣì ń dùn yín, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.