Ẹ má tẹ amọ̀ dí ẹnu ààtàn: àṣìṣe tí a ń ṣe lórí gáàsì abẹ́ ìdọ̀tí

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa níbí, ọ̀sà kò jìnnà sí wa, ilẹ̀ àbàtà sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń da ìdọ̀tí kún un kó lè ga. Bó bá kún tán, wọ́n á kó amọ̀ lé e, wọ́n á gún un mọ́lẹ̀ gbagidi. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó ń ṣe é gbà pé ìmọ́tótó ni.

Lábẹ́ ìdọ̀tí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń jẹ àjẹkù oúnjẹ àti ewé, wọ́n ń tú mẹ́táànì jáde. Gáàsì yìí kò láwọ̀, kò lóòórùn. Láàárín 100 ọdún, ó ń mú ayé gbóná ju kábọ́nù-dáì-óksáìdì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28. Ṣùgbọ́n bakitéríà mìíràn ń gbé inú erùpẹ̀ òkè, mẹ́táànì gan-an ni oúnjẹ tiwọn. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà inú ara wọn tó ń tú oúnjẹ, ni wọ́n fi ń tú u. Mẹ́táànì le láti já, nítorí náà ẹ́ńsáìmù yìí, tí kọ́pà tàbí irin wà nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ rí ọ́ksíjìn. Yóò la ọ́ksíjìn sí méjì: apá kan wọnú mẹ́táànì, ó di mẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan), apá kejì di omi. Àwọn ẹ́ńsáìmù yòókù á gbà á níbẹ̀, wọ́n á tú u títí yóò fi di kábọ́nù-dáì-óksáìdì. Bí amọ̀ bá ti dí ilẹ̀ pa, ọ́ksíjìn kò ní wọlé, iṣẹ́ bakitéríà á dúró. Gáàsì á wá gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ wọ yàrá tàbí kànga. Bó bá ti tó ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná kan ti tó láti bú u gbàmù.

Ẹlòmíràn á gbọ́ èyí, á sáré lọ kó ajílẹ̀ tútù dà lé e. Rárá o! Ajílẹ̀ tí kò tíì jẹrà tán ń jẹ ọ́ksíjìn fúnra rẹ̀. Èyí tó ti ṣú, tó ń rùn bí erùpẹ̀ ìgbà òjò, ni kí ẹ lò. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kó rin díẹ̀, kó má rẹ gbindingbindin: nínú omi, gáàsì ń lọ́ra ju inú afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000.

Ẹ má da ajílẹ̀ òyìnbó tí à ń pè ní yúríà síbẹ̀. Amóníà tó ń tinú rẹ̀ jáde ń gba ìjókòó mẹ́táànì lára ẹ́ńsáìmù. Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àjẹkù kábáàdì yín síbẹ̀: gáàsì rẹ̀ ń ba ẹ́ńsáìmù náà jẹ́ pátápátá.

Bí ilé bá ti wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má retí pé bakitéríà yóò gbà yín nínú yàrá, wọn kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní àárọ̀ kí ẹ tó ṣáná sí ààrò.