Bí Kíláàsì SS3 Ṣe Lè Ṣe Ìwé Ìrántí Wọn

Táàmù kejì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí WAEC bá ti wọlé, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni mú mọ́.

Ẹ má kàn sọ pé kí oníkálukú “kọ nǹkan”, torí “àárò yín á sọ mí” ni gbogbo wọn máa kọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè gidi: ta lo kọ́kọ́ jókòó tì ní JSS1? Ìjìyà wo lo jẹ tí o kò jẹ̀bi rẹ̀? (Ìyẹn ló máa ń dùn jù.) Kí ìdáhùn má ju 40 ọ̀rọ̀ lọ.

Fọ́tò ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. WhatsApp máa ń dín fọ́tò kù, ojú á wá rí bàìbàì lórí bébà. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi “document”.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa fi píìnì (staple) dè é láàárín ni, iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín, torí bébà kan tí a ṣẹ́ po ń di ojú ìwé mẹ́rin. Tí tiyín bá jẹ́ 38, ẹ sọ ọ́ di 40, kí ẹ fi méjì tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí.

Kí olúkúlùkù yẹ orúkọ rẹ̀ wò, kó sì fọwọ́ sí i, kí iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.