Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá iNOS ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú microglia

Microglia ni ọlọ́dẹ ọpọlọ. Tí nǹkan ara bakitéríà bá kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńsáìmù iNOS, òun ló sì ń mú nitric oxide jáde lára arginine. Nitric oxide yìí ń pa kòkòrò àrùn, àmọ́ tó bá ti pọ̀ jù, ó lè ba àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà nítòsí jẹ́. Bí mo ṣe máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ láàbù rèé.

Ẹ gbin BV-2, sẹ́ẹ̀lì microglia ti eku, sínú àwo oníhò 96, kí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ pín ihò náà sí mẹ́rin: èyí tí kò gba nǹkan kan, ti LPS, ìyẹn nǹkan ara bakitéríà, nìkan (100 ng/mL), ti 1400W nìkan, àti ti méjèèjì. 1400W ló ń dí iNOS lọ́wọ́, torí náà òun ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí LPS tó tẹ̀ lé e. Omi tí ẹ fi pò ó gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ihò ní ìwọ̀n kan náà, àní ihò tí kò gba nǹkan kan pàápàá.

Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fa 50 µL nínú omi orí sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi Griess, kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ padà tó bá kan nitrite, sí i. Nitric oxide kì í pẹ́ tó fi ń di nitrite, nitrite yẹn ni Griess ń mú. Ihò LPS á pọ́n, á máa lọ sí àwọ̀ àlùkò. Ẹ kà á ní 540 nm. Inú omi tí sẹ́ẹ̀lì ń gbé gan-an ni kí ẹ ti po sodium nitrite tí ẹ fẹ́ fi díwọ̀n, ẹ má lo omi lásán, torí phenol red, aró tó wà nínú omi sẹ́ẹ̀lì, ní àwọ̀ tirẹ̀.

Tí àwọ̀ bá wálẹ̀, ẹ ṣì fara balẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kì í ṣe nitric oxide. Ẹ fi MTT, ìdánwò tó ń fi sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè hàn, yẹ ihò wọ̀nyẹn gan-an wò lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ wá ṣe western blot, ìdánwò tó ń fi purotéènì hàn bí ilà, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. 1400W ń dá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró ni, kì í pa á rẹ́: ilà iNOS, ní nǹkan bí 130 kDa, á ṣì hàn ketekete nígbà tí àwọ̀ Griess ti ṣá. Tó bá jẹ́ oògùn mìíràn ló mú ilà náà fúnra rẹ̀ pòórá, á jẹ́ pé kí sẹ́ẹ̀lì tó ṣe ẹ́ńsáìmù ni oògùn yẹn ti dá sí i, bóyá níbi NF-κB, purotéènì tó ń tan jíìnì iNOS. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kọ méjèèjì pọ̀ bí ohun kan ṣoṣo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ "eku" gàdàgbà sórí àbájáde yín. Nitric oxide tí microglia èèyàn ń ṣe tí LPS bá kàn án kéré gan-an sí ti eku.