Bí mo ṣe ń tọ́jú lẹ́tà Bọ̀dá Dókítà

Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni Bọ̀dá Dókítà, àbúrò ìyá mi, kọ sí mi nígbà ogun Bìáfúrà. Dókítà ṣọ́jà ni wọ́n. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní 1967, Ìsọ̀kùn níbí, n'Íléṣà, ni lẹ́tà àkọ́kọ́ ti bá mi. Bí irú ẹ̀ bá wà nínú àpótí ìyá yín, ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ fọwọ́, kó gbẹ dáadáa, ẹ má pa ìpara. Píìnì tó ti dípẹtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ìpẹtà a máa jẹ ìwé lu. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe láminéètì! Mo gbé ọ̀kan fún onífọ́tókọ́pì kan, ó ní kó má baà bàjẹ́ ni. Ọ̀rá ti gbá a mú, kò ṣeé bó mọ́. Ó ń dùn mí di òní.

Bí omi bá kán sí i, ẹ má sá a sóòrùn. Inú ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, lórí ìwé funfun tí ẹ óò máa pààrọ̀.

Ẹ má nu àbàwọ́n. Lẹ́tà kẹta ní àmì pupa rúsúrúsú létí, bí ìka tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn: aidíìnì, oògùn tí wọ́n ń fi sójú egbò, ni. Gbólóhùn kan dá lágbedeméjì níbẹ̀: “Wọ́n ti ń pè mí.” Pẹ́ńsù ló wà lókè, bírò ló parí ẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ fi írésà pa àmì yẹn rẹ́, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má sọ àpòòwé nù, ọjọ́ lè wà lára òǹtẹ̀ rẹ̀. Bọ̀dá kì í kọ déètì. Òǹtẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé Oṣù Kẹjọ 1967, tí gbogbo ẹnu ń sọ pé “Ó le kú, ìjà Òrè”, ni wọ́n kọ ìwé tí wọ́n ti ní kí n máa se omi kó hó dáadáa ká tó mu ún.

Ẹ ya fọ́tò tojú tẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé, láìlo fíláàṣì. Ẹ fi páálí kó wọn sókè, kí ikán má dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á kọ sínú ìwé míì bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Bọ̀dá a máa kọ “ulé” bí àwa Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é. N kò sọ ọ́ di “ilé”.

Lẹ́tà ìkẹyìn, Oṣù Kìíní 1970, kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ní kí ìyá mi gún iyán sílẹ̀, àwọn ń bọ̀ ní ulé.