Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá Lísítà àtijọ́ tó iye tí wọ́n ń pè é

"Wọn ò ṣe é mọ́." Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ta Lísítà, ẹnjìnnì dísù àtijọ́ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, máa sọ fún yín nìyẹn, á sì fi í gbówó lé e. Òótọ́ ni. Ilé iṣẹ́ Lister ní ìlú Dursley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹnjìnnì yìí, tí wọ́n ń pè ní CS, ní nǹkan bí 1930, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1987. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ìyàrá, ní ìpínlẹ̀ Kogí, n kì í sanwó torí pé nǹkan ti ṣọ̀wọ́n. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: páátì wo ló ti jẹ, tó ti gbó, lára rẹ̀, ṣé a ṣì lè rí òmíràn rà? Bí èyí tó jẹ bá ṣì wà lọ́jà, iye tí wọ́n pè lè tọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí kò sí mọ́, kóńdẹ́mù ni, ẹ sanwó irin.

Mo fẹ́ràn Lísítà, mi ò sì fi pamọ́. Irú rẹ̀ tí mo mọ̀ jù, 6/1, agbára ẹṣin 6 ló ní, ìgbà 650 ló sì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnjìnnì S195 ti Ṣáínà tí wọ́n ń tà ní tuntun ń yí tó ìgbà 2000. Èyí tó ń sáré máa ń tètè jẹ. Èyí tó ń rọra lọ máa ń pẹ́.

Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Ìjùmú àti Yàgbà jẹ́ ti ẹni tó ti dolóògbé, táwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àbújá tàbí Èkó. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ ní kí wọ́n má ṣe tan án kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí wọn "Ọ̀kun o," kí ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé sílíńdà rẹ̀. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti mú un gbóná dè yín. Ẹ jókòó, ẹ bá wọn tàkúrọ̀sọ títí á fi tutù. Ẹnjìnnì tó jẹ máa ń fi ara rẹ̀ hàn ní òtútù.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wo ọ́ìlì. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, tí kò wọ́n, ó sì lè jẹ́ pé sílíńdà ló sán. Ẹ fi ìka ra ara ògiri inú náà. Wọ́n ń ṣe àwòkọ Lísítà ní Rajkot, ní Íńdíà, wọ́n sì máa ń fi yanrìn tí wọ́n fi dá irin rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn mìíràn. Yanrìn yẹn ló ń jẹ béárìnì. Mi ò sọ pé ti Íńdíà ò dáa. Páátì wọn náà la fi ń tún ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Àmọ́ ẹ má san owó Gẹ̀ẹ́sì lórí ti Íńdíà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé báàjì ara rẹ̀ nìkan, torí ẹnikẹ́ni lè tú báàjì láti ara ọ̀kan mọ́ òmíràn.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù rèé. Ẹ ti dísù pa. Irin kékeré kan wà lókè tó máa ń gbé fáàfù sókè kí ẹnjìnnì lè yí láìnira. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di wíìlì ńlá mú, ẹ rọra yí i sí apá tó máa ń yí sí. Ó yẹ kó dé ibì kan kó takú, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ kó ta padà sẹ́yìn. Bí ó bá kàn yọ̀ kọjá, ẹ tẹ́tí, afẹ́fẹ́ á máa dún sìì níbì kan. Bí ìró náà bá ń ti sàléńsà wá, tàbí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú, fáàfù ni. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á lọ̀ ọ́, á sì jókòó dáadáa. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ láti inú àpótí ọ́ìlì, ríǹgì tàbí sílíńdà ló jẹ. Ìyẹn wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n páátì rẹ̀ wà.

Wíìlì ńlá méjèèjì ni mo máa ń bẹ̀rù. Èyí tó bá sán lè fọ́ níbi tó ti ń yí, kó sì pa ènìyàn. Ẹ fi aṣọ nu gíríìsì kúrò níbi tí àwọn apá rẹ̀ ti pàdé àárín, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ tún tì í sọ́hùn-ún, kí ẹ fà á síhìn-ín. Bí ó bá ń dún gbì, béárìnì ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àpótí ìsàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àpótí yẹn bá sán, tàbí wẹ́dà ti jó o pọ̀, ẹ dìde, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ ilé. Nítorí èyí ni mo ṣe ní kí ọmọbìnrin kan tó fẹ́ dá ilé ìrin ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ ní Mọpà. Ọ̀dà tuntun ń dán lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gba wẹ́dà. Ti Ìsánlú tó rà kò ní ọ̀dà kankan, fáàfù rẹ̀ sì ń jò. Fáàfù là ń tún ṣe, a kì í tún àpótí ṣe.

Bí ẹ bá tan án, kí bẹ́líìtì wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì rin ẹ̀gẹ́ tòótọ́. Ẹ gbé àpò ẹ̀gẹ́ kan dání. Èéfín aláwọ̀ aró, ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín dúdú kìjikìji nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wọlé, nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹnjìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wá ṣírò. Ẹ bèèrè iye S195 tuntun ní Kàbà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ ro owó Lísítà pọ̀ mọ́ àtúnṣe, owó pikọ́ọ̀pù àti sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tí àpótí àti wíìlì rẹ̀ pé, mo lè jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú tuntun. Ti Íńdíà gbọdọ̀ dín sí i dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i pé gbogbo ọmọ olóògbé ló mọ̀ sí títà rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ara ẹnjìnnì sínú rìsíìtì. Ẹ gba kìránkì rẹ̀ gan-an, irin tí a fi ń yí i kó tó tàn, lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Èyí tí wẹ́dà bá ṣe lè má wọ̀ dáadáa, ó sì lè ta lu ẹni tó ń yí i.